Ẹja Tí Kò Tó Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwa olùkọ́ máa ń pa pọ̀ lẹ́nu bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n: ó tọ́, ó yẹ. A ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ó ṣe tọ́, ó sì yẹ. Bí ó bá kùnà, a ó ní kò tọ́, kò sì yẹ. Mo kọ́ni ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ìdí kankan tí mo fi ní láti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹja kan ni ó yà wọ́n fún mi, lórí omi iyọ̀, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, níṣojú ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi àti ọmọ-ọmọ mi. Ìtàn náà kò gùn, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó bí kò tíì tán láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi títí di òní. Nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, tí wọ́n sì máa ń bi yín léèrè ohun tí ìwà jẹ́ bí ẹni pé ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kí ọmọ mi ọkùnrin ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo ẹbí ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí, nítorí pé nínú gbogbo àwa ọmọ bàbá wa, òun nìkan ni kò kúrò ní etí ọ̀sà tí wọ́n bí wa sí. Apẹja ni bàbá wa; apẹja ni òun náà títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ọmọ mi wá ń rò ó pé kí ni òun lè ṣe tí yóò mú inú arúgbó apẹja dùn ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó san owó fún amọ̀nà kan ní Galveston pé kí ó gbé wa lọ pẹja ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan: àwa mẹ́rin, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ kò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ní ẹja ni ó yẹ kí ó mú owó wọlé. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe máa san owó kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ ṣiṣẹ́? Nígbà tí ọmọ mi tún ṣàlàyé fún un pé àwa àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó lè ju ìwọ̀ sómi, ṣùgbọ́n pé ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 17 kò nílò rẹ̀, ó ní ó dára, ọmọdé náà ni kí ó máa pẹja, kí àwa máa jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibẹ̀.

Galveston jẹ́ erékùṣù gígùn, tín-ín-rín kan ní etí òkun Mexico, ó sì tó bí ọgọ́rin kìlómítà sí Houston. Ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìhà ilẹ̀, ni ọ̀sà wà. Ọ̀sà náà kò jìn. Níbi púpọ̀ kò ju bíi mítà méjì lọ, àfi ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí Houston, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1914. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí òórùn ẹrẹ̀ àti ti iyọ̀ gbá wa nímú, ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó fa èémí sínú, ó sì ní, “Ẹ̀pẹ́ nìyí.” Ẹ̀pẹ́ kọ́, omi ọ̀sà tiwa kò níyọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Koríko gíga wà ní etí omi, edé ń ta nínú ẹrẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tí ń ronú gbèsè.

Amọ̀nà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju àkọ́bí ọmọ mi lọ ní ọjọ́ orí. Òun ni ó ń sọ ibi tí a ó jókòó sí, ìgbà tí a ó dìde, àti bí a ó ṣe di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan pé ọmọdé ń pàṣẹ fún arúgbó lórí omi, pàápàá fún ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kí bàbá ọmọ náà tó mọ ìyá rẹ̀. Ara kò ta ẹ̀gbọ́n mi rárá. Ó ń wo ojú omi. Nígbà tí ó tó àkókò kan, ó na ìka sí ibì kan tí omi ti ń yí díẹ̀ ní ẹ̀bá koríko. Amọ̀nà náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì darí ọkọ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgbọ́ èdè ara wọn.

Ẹja tí a wá mú ni èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní red drum. Ìlù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé akọ rẹ̀ máa ń mú inú ara rẹ̀ dún bí ìlù nígbà tí ó bá ń wá abo. Nítorí náà, ẹja onílù ni n ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Ara rẹ̀ pọ́n bí bàbà, àmì dúdú kan bí ẹyinjú sì wà ní ìdí ìrù rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni amọ̀nà ti ka òfin rẹ̀ fún wa: èyí tí kò bá tó ínǹṣì 20, omi ni yóò padà sí, èyí tí ó bá ju ínǹṣì 28 lọ, omi náà ni, àfi ọ̀kan tí a bá so àmì ìwé àṣẹ mọ́, nínú àwọn tí ó wà láàrin, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́ta lóòjọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Inú ọ̀sà ni ọmọ ẹja onílù ń gbé fún bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí ó bá gùn tó bí ínǹṣì 28 tàbí 30 ni ó tó dàgbà tó láti yé ẹyin, yóò sì fi ọ̀sà sílẹ̀ lọ sí òkun. Ó lè lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, abo kan sì lè yé ẹyin tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Òfin dáàbò bo èwe kí ó lè dàgbà, ó dáàbò bo ìyá kí ó lè bí, ó wá yọ̀ǹda àwọn tí ó wà láàrin fún wa. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ èyí fún Bàbá Ẹ̀pẹ́, ó mi orí. “Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ní kí á máa jẹ? Bí ti ayé ènìyàn náà nìyẹn.”

Ọmọ-ọmọ mi ni ó mú ẹja tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí n sọ bí ó ti rí gan-an, nítorí pé n ó tún padà sí i. Amọ̀nà fi edé ààyè kọ́ ìwọ̀, ó sì so ohun pupa kan tí ń léfòó mọ́ okùn. Bí ohun pupa náà bá ti rì, kí ọmọ náà fa ọ̀pá lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹja ráyè gbé ìwọ̀ mì. Ó sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí ẹni tí ó fa àwọ̀n bàbá wa ya ní ọdún 1963, ọmọ náà sì kọjú sí wa láti gbọ́ ìtàn. Nígbà tí yóò fi wo omi, ohun pupa náà ti rì tipẹ́.

Ẹja náà jà dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀, amọ̀nà tẹ́ ẹ sórí pátákó ìwọ̀n, ó pa á lẹ́nu dé, ó fún ìrù rẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí kí ó lè gùn dé ibi tí ó lè gùn dé: ínǹṣì 19 àti ààbọ̀. Ó tún un wọ̀n. Ínǹṣì 19 àti ààbọ̀ náà ni. Ó la ẹnu rẹ̀, kò rí ìwọ̀. Ìwọ̀ ti wọ ọ̀fun lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní ibi tí ẹja fi ń mí. Kò fi agbára fa ìwọ̀ náà. Ó gé okùn ní ìtòsí ẹnu, ó gbé ẹja sínú omi, ó di ìrù rẹ̀ mú, ó ń tì í síwá sẹ́yìn kí omi lè máa wọ inú rẹ̀. Ẹja náà yí ikùn sókè.

“Sọ fún un kí ó gbé e wá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún ọmọ mi. “Kò lè yè mọ́.”

Ọmọ mi sọ ọ́. Amọ̀nà mi orí.

“Ààbọ̀ ínǹṣì!” Ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná rẹ̀ hàn án. “Ta ni ó ń wò wá?”

Gbogbo wa wo yíká bí ẹni tí ó fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà. Kò sí ẹnikẹ́ni. Amọ̀nà ní ohunkóhun tí ó bá wà nínú ọkọ̀ òun, òun ni yóò dáhùn fún un. Ó wá jọ̀wọ́ ẹja náà. Ó léfòó lọ díẹ̀, àmì dúdú ìdí ìrù rẹ̀ ń hàn, kò sì pẹ́ tí ẹyẹ omi ńlá kan, èyí tí àpò ń bẹ lábẹ́ àgógó rẹ̀, já wálẹ̀ tí ó sì gbé e. Ọmọ-ọmọ mi wo mí. Ó ní, “Bàbá àgbà, a pa á, a kò sì jẹ ẹ́.”

Gbólóhùn ọmọdé yìí ni mo ń gbé yẹ̀ wò láti ìgbà náà. Kò sí àní-àní pé ohun tí amọ̀nà ṣe tọ́. Ohun tí ó tọ́ ni ohun tí kò wọ́, ohun tí ó bá okùn tí a ta sílẹ̀ mu. Òfin ni okùn náà, pátákó ìwọ̀n sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ha yẹ bí? Ohun tí ó bá yẹ a máa bá ènìyàn mu bí aṣọ ti ń bá ara mu. Fìlà tí a fi ìwọ̀n tí ó péye rán lè má yẹ orí tí a dé e lé. Nígbà tí mo wo ojú ọmọ náà, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ fún un pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rù ìjọba lásán ni ó ba amọ̀nà, àti pé ìwà tí ẹ̀rù bí kì í ṣe ìwà. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ omi lè dúró dè wá ní èbúté, kí wọ́n wo inú àpótí yìnyín wa, kí wọ́n sì gba owó ìtanràn. Òfin Texas kò tilẹ̀ gbà kí a gé orí tàbí ìrù irú ẹja bẹ́ẹ̀ kúrò kí a tó gúnlẹ̀, kí gígùn rẹ̀ má bàa farasin. Ìwé àṣẹ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi ń jẹun wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n mo ti wo ojú ènìyàn tí ẹ̀rù ń bà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú amọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ wà nínú àwo ni ó rí. Ẹni tí ẹran kan jẹ́ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kì í béèrè bóyá ẹran náà ti kú kí òun tó dé ibẹ̀, kì í sì í béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun. Kò jẹ ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èyí kò tíì dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, nítorí pé kì í ṣe pé ó fẹ́ kí á jalè. Ohun tí ó ń wí ni pé a ṣe òfin náà kí ẹja lè yè. Ẹja yìí kò sì ní yè. Nítorí náà òfin náà kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí rẹ̀ mọ́. Àlàyé tí ó dára ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá kọ ọ́, n ó fún un ní máàkì gidi. Ibi tí ó ti ń wó ni pé òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan ń bá ara wọn sọ. Láàrin àwọn tí kò rí ara wọn ni òfin ń gbé. Àwa mọ̀ pé ẹja wa ń kú lóòótọ́. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kejì, lẹ́yìn koríko, kò mọ̀ ọ́n, àwa náà kò sì mọ ti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Bí òfin bá wá sọ pé a lè mú ẹja kékeré lọ bí ó bá ṣáà ti ń kú, kò ní pẹ́ tí ìwọ̀ gbogbo ènìyàn yóò fi máa jìn sí ọ̀fun ẹja.

Socrates ti ìlú Áténì ní irú èrò yìí ní ọdún 399 kí a tó bí Kírísítì, gẹ́gẹ́ bí Plato ti ròyìn rẹ̀: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣètò bí yóò ṣe sá kúrò lẹ́wọ̀n, ó sì kọ̀, ó ní bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń yẹ ìdájọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, ìlú kò lè dúró. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ni Socrates fi san owó ìgbọràn tirẹ̀. Ẹ̀mí ẹja ni àwa fi san tiwa, lẹ́yìn náà a ṣí ìgò omi dídì, a mu ún.

Ọmọ mi gbìyànjú láti tu ọmọ rẹ̀ nínú. Ó ní ẹja náà kò ṣòfò. Ẹyẹ ti jẹ ẹ́, bí ẹyẹ kò bá sì jẹ ẹ́, akàn ìbá jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Síbẹ̀ mo fura sí òótọ́ tí ó bá rọrùn tó báyìí. Bí ọmọ yìí bá da iyán nù sẹ́yìn ilé, tí ó ní àwọn èèrà yóò jẹ ẹ́, a kò ní yìn ín.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Houston ni ọ̀rọ̀ náà wá di ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ẹni tí ó ṣe òfin náà, ọmọ mi sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ẹja onílù ti ń dín kù ní àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1977, àwọn kan tí ń pẹja fún ìgbádùn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Houston láti gbèjà rẹ̀, ìbínú wọn sì wà lórí àwọn alàwọ̀n. Ní ọdún 1981, ìjọba Texas ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ẹja onílù tí wọ́n mú ní omi ìpínlẹ̀ náà mọ́. Àwọn alàwọ̀n lòdì sí i, ṣùgbọ́n òfin náà dúró. Ní ọdún 1988, wọ́n de àwọ̀n pàápàá. Láàrin àkókò náà, alásè kan ní New Orleans tí ń jẹ́ Paul Prudhomme sọ oúnjẹ kan di olókìkí, èyí tí wọ́n fi ń ra ata àti èròjà mọ́ ẹja onílù lára, tí wọ́n sì ń sun ún nínú páànù gbígbóná títí yóò fi dúdú. Gbogbo ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ń béèrè fún un. Àwọn ọkọ̀ ńlá wọ inú òkun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìyá ẹja, títí ìjọba àpapọ̀ fi ti omi náà pa kí àwọn ọdún 1980 tó parí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àti pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹja tí ìjọba ń sìn tí ó sì ń dà sínú ọ̀sà, ẹja onílù tún pọ̀. Òun ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe rí i mú kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Àwọn tí ń fi ẹja ṣeré gba omi lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ẹja jẹun. Wọ́n wá ní kí á má ṣe mú èyí tó kéré.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, nínú gbogbo ẹja tí mo fi san owó ilé-ìwé rẹ, èwo ló gùn tó ogún ínǹṣì?”

Ọmọ mi ń wa ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò rí èsì fọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún yín. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955 gbé mi dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá wa kú ní ọdún tí ó yẹ kí n wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí òun náà kò tíì pé ogún ọdún, ra àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, irú èyí tí bàbá wa kì í jẹ́ kí wọ́n gbé wọ inú ọkọ̀ òun. Bàbá wa máa ń sọ pé àwọ̀n tí kò jẹ́ kí ọmọ ẹja kọjá ń jẹ oúnjẹ ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan náà ni ó bí wa. Ó fi àwọ̀n náà kó ẹ̀pìyà tí kò ju ìka lọ, ìyá wa yan wọ́n, ó tà wọ́n ní òṣùwọ̀n, owó rẹ̀ ni mo sì fi jókòó ní kíláàsì tí mo ti kọ́ ohun tí Socrates wí. Bí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ bá ní ìwé ẹ̀sùn kan láti kọ lórí wa, ìwé ẹ̀rí mi ni kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé ìkóra-ẹni-níjàánu lórí omi jẹ́ ohun àjèjì tí òyìnbó mú wá. Ní ọ̀sà Nokoué, ní ilẹ̀ Benin, àwọn ará Ganvié àti àwọn aládùúgbò wọn máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi, ohun tí wọ́n ń pè ní àkàjà. Ẹja yóò wọ ibẹ̀, yóò bí, yóò dàgbà, ẹni tí ó ni ín yóò sì dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ó tó kó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dúró de ẹja kí ó dàgbà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa jẹ títí ẹja yóò fi dàgbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí. Ìfaradà kan náà tí ó jẹ́ ìwà rere lára ẹni tí ó yó lè jẹ́ ikú fún ẹni tí ebi ń pa, òfin tí ó bá sì wọn àwọn méjèèjì pẹ̀lú pátákó kan náà tọ́ ní ojú pátákó nìkan.

Èyí ni ó mú mi gbà pé ẹ̀gbọ́n mi jàre lórí ọdún 1981, kò sì jàre lórí ẹja wa. Ó lè dàbí ìtakora, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó. Àwọn alàwọ̀n Texas ní àwáwí: iṣẹ́ wọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún yẹn lọ́hùn-ún ní àwáwí: èmi ni àwáwí rẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a wà nínú ọkọ̀ ní Galveston kò ní ẹyọ kan. A ti jẹun kí a tó kúrò nílé. Bí a bá mú ẹja náà lọ, a ó ti fi ebi àwọn ẹlòmíràn bo ojúkòkòrò ara wa. Mo sọ èyí fún un. Ó ní mo sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. N kò sì mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Ohun kan wà tí àwa méjèèjì kò fẹ́ fẹnu kàn nínú gbogbo àríyànjiyàn náà. A ń jiyàn bí ẹni pé orí pátákó ìwọ̀n ni ẹja náà ti kú. Kì í ṣe ibẹ̀. Ó ti kú nígbà tí ohun pupa rì tí ọmọdé kò wò ó, ọmọdé kò sì wò ó nítorí pé àgbà méjì ń jiyàn lórí àwọ̀n tí ó ti ya láti ọdún 1963. Kò sí òfin tí ó lè wọn èyí. Ẹni tí ó bá ń wo omi rẹ̀, tí ó fa ọ̀pá ní àkókò, yóò mú ẹja náà ní ètè, yóò wọ̀n ọ́n, yóò rí i pé ó kù díẹ̀, yóò sì rí i kí ó na ìrù lọ. Ìbéèrè nípa ẹ̀tọ́ ìbá má dìde rárá. Mo ti rí irú èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà púpọ̀: a ó pe ìgbìmọ̀ jọ láti pinnu ìyà tí ó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan, a ó jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ibi tí àwa wà nígbà tí ọmọ náà ń rì.

N kò sọ ti èyí fún ọmọ-ọmọ mi. Ó ń bá ara rẹ̀ wí tẹ́lẹ̀, n kò sì fẹ́ gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi dàbí pé mo ń tàn án jẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ èyí tí òfin gbà fún wa. Ẹja onílù mẹ́rin ni a mú bọ̀, àwọn tí ó gùn láti ínǹṣì 21 dé 26. Aya ọmọ mi fi méjì se ọbẹ̀ ata. Bàbá Ẹ̀pẹ́ jẹ ẹ́, ó ní ẹran ara rẹ̀ dára ṣùgbọ́n wọn kò mọ ata tà ní ilẹ̀ yìí. Ọmọ náà jókòó tì í. Ó bi í pé ẹja kékeré mélòó ni ó ti pa láyé rẹ̀. Mo rò pé yóò fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ṣírò. “Ọdún tí bàbá rẹ àgbà wọ fọ́ọ̀mù kìíní,” ni ó wí, “agbọ̀n méjìlá ni lóṣooṣù. Fọ́ọ̀mù kejì, òjò pọ̀, a kò rí tó bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù kẹta…” Ọmọ náà lọ mú ìwé àti pẹ́ńsù wá kí ó lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.